Orin Àjíǹde: Láti Dublin dé Ọ̀tà

Bí Àjíǹde bá ti ń súnmọ́lé, àwọn akọrin Ọ̀tà àti Sango kì í sinmi. Ẹni tó ṣíwọ́ ní ilé-iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ á gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Wọ́n á pín ohùn sí mẹ́rin, dùùrù á ta ohùn ìbẹ̀rẹ̀ fún wọn, orin á sì gbéra.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orin Kérésìmesì ni Messiah tí Handel kọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1742 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbangba ní Dublin, nígbà tí Àjíǹde ku ọjọ́ márùn-ún péré. Àjíǹde òkú gan-an ni apá kẹta rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìṣòro kan wà bí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí irú orin bẹ́ẹ̀. Orin òyìnbó máa ń gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ wa ti ń lọ sílẹ̀, ìtumọ̀ á sì dàrú.

T. K. E. Phillips, aludùùrù àgbà Katidírà Marina l'Ékòó láti 1914 sí 1962, wá nǹkan ṣe sí i. Ó kọ orin akọrin tó ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì ṣàlàyé ọ̀nà náà nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, lọ́dún 1953. Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti náà ti ń kọ orin ìsìn ní ohùn ìbílẹ̀. Wọ́n gba orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín àwọn ọdún 1920.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde, ẹ tẹ́tí sí báàsì dáadáa: òun ló gbé ohùn mẹ́ta yòókù ró.