Míṣọ́nnárì Tó Wálé Sinmi: Báwo La Ṣe Ń Gbà Á?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará sọ ní ìpàdé wa ní Reinickendorf, Berlin

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ibi iṣẹ́ òru wọ U6 wá síbí láìtíì fojú kan oorun, nítorí náà a ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa gùn jù.

Ọ̀rọ̀ àlejò wa ọdún tó kọjá ni a fẹ́ sọ. Ẹ ti gbọ́ ọ lábẹ́lẹ̀, ó sì sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwa fúnra wa. Tọkọtaya ni wọ́n, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tí ìjọ wọn nílé rán lọ wàásù ní orílẹ̀-èdè Niger. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ẹgbẹ́ wa ti ń dá owó sí iṣẹ́ wọn, pàápàá owó oògùn àti owó kànga. Nígbà tí àsìkò ìsinmi wọn tó, wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn, wọ́n kí àwọn òbí, wọ́n jábọ̀ fún ìjọ tó rán wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá sọ́dọ̀ wa, nítorí pé àbúrò ìyàwó ń gbé nítòsí Residenzstraße, àti nítorí pé a ti ń kọ̀wé sí wọn tipẹ́ pé ẹ jẹ́ ká fojú kan ara wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dé. Kí ọkọ̀ òfúrufú tó balẹ̀ la ti tẹ ètò wọn sórí ìwé. Ọjọ́rú, ìpàdé àdúrà. Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìjọ àwọn ará Jámánì kan ní Tegel, tí àwa àti wọn jọ ń ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ọjọ́ Ìsinmi, ìsìn méjì. Bàbá ò ráhùn. Ta ni yóò ráhùn níwájú ẹni tó ń fún un lówó oògùn?

Lẹ́yìn ìsìn kejì ni Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. A ní òtútù Berlin ni, pé ara wọn ò tíì mọ́ ọn. A fún wọn ní tíì, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, a gbàdúrà. Àdúrà dára, a ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n nígbà tó di òru ọjọ́ Ajé, ara wọn gbóná bí iná, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò sì já mọ́ra mọ́. Àbúrò wọn ló pe 112. Nílé ìwòsàn, ìbéèrè kìíní tí dókítà bi wọ́n ni pé ibo ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, málaríà ni, irú èyí tó ń tètè pa ènìyàn. Ọlọ́run yọ Ìyá. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo àwa tí a kà ibà sí òtútù yìí, ilẹ̀ tí ibà ti ń ṣe ọmọdé àti àgbà ni wọ́n bí wa sí.

Ohun tó dùn wá jù ni ohun tí Bàbá sọ nígbà tí a lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ara Ìyá ò yá láti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí orúkọ wọn lórí ètò, wọn ò sì fẹ́ kí a rò pé owó wa ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀lẹ.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ò tuntun nínú ìtàn ilẹ̀ wa. Láyé àwọn àgbà ìgbàgbọ́ tó kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ Yorùbá ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì níbí ni David Hinderer, láti Württemberg, bó tilẹ̀ jẹ́ pé CMS ti England ló rán an. Ó dé Ìbàdàn ní 1851, ó sì mú Anna ìyàwó rẹ̀ wá ní 1853, wọ́n tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ní 1856 wọ́n lọ sinmi ní England, wọ́n sì tún padà wá. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí, owó ò wọlé, oúnjẹ di ọ̀wọ́n. Wọ́n dúró ti àwọn èèyàn wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa lọ ní 1869, àgọ́ ara Anna ti tán. Ọdún kejì, 1870, ó kú ní England.

Ti Thomas Jefferson Bowen tilẹ̀ ń ba àwa nínú jẹ́ jù. Ará Georgia ní Amẹ́ríkà ni, òun ni àwọn Onítẹ̀bọmi kọ́kọ́ rán sí ilẹ̀ wa. Abẹ́òkúta ló wà ní 1851 nígbà tí àwọn Dahomey wá jà. Ó lọ sílé, ó gbéyàwó ní 1853, ó sì padà wá sí Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́. Àìsàn lé e padà sílé ní 1856. Ẹ wá wo ohun tí ẹni tó wálé tọ́jú ara ṣe. Ní 1857 ó tẹ ìwé ńlá jáde lórí ìrìn àjò rẹ̀. Ní 1858 ilé ẹ̀kọ́ Smithsonian tẹ ìwé gírámà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ. Ó ń bá àwọn ìjọ sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ nípa odò Ọya. Ní 1860 ó tún gba Brazil lọ, torí àwọn ẹrú tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, àìsàn sì tún dá a padà. Ilé ìtọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú ní Milledgeville ló kú sí ní 1875. A ò sọ pé ọ̀rọ̀ sísọ káàkiri ló fà á o, nítorí ilẹ̀ wa ni àìsàn náà ti bá a lọ. Àmọ́ nínú gbogbo ọdún tí a kà yìí, ẹ bá wa wá èyí tó fi jókòó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nílé máa ń jìnnà ju ibi tí wọ́n rò lọ. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí, lọ sí England ní 1851. Ó rí Lord Palmerston, ó rí Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀, ó sọ fún wọn bí òwò ẹrú ṣe rí ní Èkó. Ó ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá sétí ọbabìnrin. Kí ọdún náà tó parí, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò. Kì í ṣe Crowther nìkan ló fà á, ọ̀rọ̀ ìṣòwò wà nínú rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní kí àlejò wa dìde "kó kàn sọ̀rọ̀ díẹ̀", ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan ńlá la ń béèrè. Ẹ jẹ́ kó lè sọ èyí tí kò dára pẹ̀lú. Ọdún tó kọjá, Bàbá sọ fún wa pé kànga kejì ti gbẹ. Ṣé ẹ rántí bí gbogbo ilé ṣe dákẹ́? Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè níta pé ṣé wọn ò ti na owó náà ni. Tí òótọ́ bá ń ba ọrẹ jẹ́, irọ́ ni wọn yóò máa kó wá fún wa.

Ó yá, ká sọ èyí tí a lè ṣe. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwé. Àlejò tó bá fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà wá gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, kò sì lè ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180. Inṣọ́ránsì ìrìn àjò tó tó 30,000 euro, ó kéré tán, wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Àbúrò Ìyá ló takú pé kí wọ́n ra èyí tó dára. Òun ló san owó ilé ìwòsàn, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ wa ìbá ṣì máa san gbèsè. Tí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé Verpflichtungserklärung, ẹ má fi ojú ìwé lásán wò ó. Ẹ̀yin lẹ dúró fún oúnjẹ, ibùgbé, ìtọ́jú àìsàn àti owó ìpadàlọ àlejò náà. Ẹ má torí ìtìjú fọwọ́ sí i bí agbára yín ò bá ká a. Ẹ wá bá ìgbìmọ̀ ká jọ wò ó.

Ibà ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ti Áfíríkà dé, tí ara rẹ̀ gbóná láàárín oṣù mélòó kan, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì sọ fún dókítà kí wọ́n tó bi í pé ibẹ̀ lòun ti ń bọ̀. 116117 ni nọ́ńbà dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru àti lópin ọ̀sẹ̀. Bó bá le, 112. Charité ní ẹ̀ka àìsàn ilẹ̀ olóoru ní Wedding, kò jìnnà sí wa. Àwọn ará wa ní Hamburg sì ní Bernhard-Nocht-Institut, tó ti wà láti 1900, nígbà tí àwọn awakọ̀ òkun ń kó àìsàn wọ èbúté. Èyí kan àwa náà tí a ń lọ sílé ní December. Ẹni tó ti pẹ́ níbí, ara rẹ̀ ò mọ ibà jà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ gba oògùn kí ẹ tó lọ, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ owó, ṣókí. Ẹ yéé ki àpòòwé bọ àlejò lápò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń kó ìtìjú bá a, kò sì sí ẹni tó lè jábọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e gba inú àkáǹtì ẹgbẹ́ tó ní àṣẹ láti kọ ìwé ẹ̀rí ọrẹ. Finanzamt ń kà á sí yín lọ́rùn nígbà owó orí. Bí ọrẹ kan ò bá ju 300 euro lọ, ìwé báńkì tó fi hàn pé ẹ san án sábà máa ń tó. Àti ẹrù: ẹ̀wù òtútù mẹ́rìnlá la dì fún àwọn tó ń padà sí Niger lọ́dún tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́.

Nígbà tí Tegel ṣì ń ṣiṣẹ́, bí ọkọ̀ òfúrufú ṣe ń kọjá lórí òrùlé wa ní Kurt-Schumacher-Platz la ti ń mọ̀ pé àlejò ti dé. Láti November 2020 tí wọ́n ti tì í, BER ní Schönefeld là ń lọ, ó sì jìnnà. Nítorí náà a nílò ẹni méjì tó ní mọ́tò.

Bàbá àti Ìyá ti kọ̀wé pé àwọn yóò tún wá, wọn yóò sì mú àbíkẹ́yìn wọn dání lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí ètò kankan fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ se oúnjẹ lọ fún wọn. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́. Tí ẹ bá gbé e débẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ kí wọn, kí ẹ sì máa lọ sílé.