Ìgò omi tí ìyá àgbà rán mi

Nígbà tí mo ń gbéra ní Ìgbẹmọ-Èkìtì lọ sí Òṣogbo, ìyá àgbà fún mi ní ìgò kan: "Bá mi bu omi Ọ̀ṣun bọ̀."

Ariwo ọkọ̀ àti ọ̀kadà ni Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ẹ wọ igbó Ọ̀ṣun, ariwo tán. Nǹkan bíi hẹ́kítà 75 ni igbó náà, ilé sì yí i ká. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ará Austria, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ló tún àwọn ojúbọ ibẹ̀ ṣe. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ẹ fi fóònù sápò díẹ̀ kí ẹ fojú wo àwọn ère yẹn. (Èmi náà ya fọ́tò o, mi ò purọ́.)

Mo dé etí odò, omi pọ́n bí ẹrẹ̀. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà, lókè odò, ló ń bà á jẹ́. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún.

Mo bu ú náà. Nígbà tí mo délé, mo ṣàlàyé fún ìyá àgbà. Ó gbé ìgò náà sókè, ó wò ó títí. "Nítorí góòlù?" Ó gbé e sórí àpótí. Kò mu ún, kò sì dà á nù.