Ijó Kìnnìún Àwọn Ará Ṣáínà

Èèyàn méjì ló wà lábẹ́ aṣọ kìnnìún kan ṣoṣo: ọ̀kan gbé orí, èkejì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹni ẹ̀yìn yẹn ló ń ṣe mí láàánú! Tí ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà bá dé ní agbègbè Guangdong, wọ́n á so ewé létúùsì àti àpò ìwé pupa tówó wà nínú rẹ̀ kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìlù á máa dún kíkankíkan. Kìnnìún á kọ́kọ́ rìn yí i ká tìfuratìfura, kó tó fò sókè já a gbà. Owó wọlé lọ ní tiẹ̀. Ewé nìkan ló máa tú dà síta, kí ọrọ̀ lè kárí. Dígí tó wà níwájú orí kìnnìún náà ńkọ́? Wọ́n gbà gbọ́ pé ẹ̀mí burúkú tó bá rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa fi fẹ́ ẹ.