Kí A Tó Yáwó Ra Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ararọ̀mí-Obu, kí a tó fi owó ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ jẹ́ kí a wo iná àti omi ilé wa. Ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ sábà máa ń jẹ iná tó 2,000 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wa kò lè gbé e. Oòrùn ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ olójú méjì ló bá wa mu: a lè fi korobá bu omi sí i, ojú kejì a sì fún aṣọ nígbà òjò. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀yà rẹ̀ àti ẹni tí yóò tún un ṣe wà ní Ọ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kú, gbèsè kì í bá a kú.