Kí Ẹ̀dà Tuntun Tó Jáde

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín jẹ mọ́ ètò inú kọ̀ǹpútà: bí àwọn tí ń ṣe é ti ń pinnu ìgbà tí ẹ̀dà tuntun yóò jáde, àti ọ̀nà tí èyí gbà kan èdè Yorùbá.

Debian ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà ni. Ian Murdock ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1993, àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn káàkiri ayé ni ó sì ń ṣe é. Ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ wọn ní. Ìpele kìíní ni iṣẹ́ tuntun kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Sid ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọmọ tí ń ba ohun ìṣeré jẹ́ nínú sinimá Toy Story. Orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Bí iṣẹ́ kan bá lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀, tí a kò rí àbùkù ńlá tuntun nínú rẹ̀, yóò kọjá sí ìpele kejì, èyí tí í ṣe ti ìdánwò. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀dà adúróṣinṣin, tí ènìyàn lè fi ọkàn tán.

Kí ẹ̀dà ìdánwò tó di adúróṣinṣin, wọn a ti ilẹ̀kùn: a kì í gba ohun tuntun mọ́, àfi àtúnṣe. Ẹ̀dà woody jáde ní 2002. Sarge tí ó tẹ̀lé e kò jáde títí di 2005, nítorí pé kò tíì pé. Àwọn ará Ubuntu ní tiwọn a máa dá ọjọ́, oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá. Síbẹ̀ ní 2006, wọ́n sún ẹ̀dà oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà. A gbóríyìn fún wọn. Ìyá aláró a máa tọ́ aró wò kí ó tó ri aṣọ bọ̀ ọ́, oníbàárà a sì dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ gbé kàn wá. Lẹ́yìn tí ẹ̀dà adúróṣinṣin bá ti jáde, àtúnṣe ti ààbò àti ti àbùkù tí ó burú ni wọ́n ń gbà. Ohun tí ó bá wọ́ nínú rẹ̀ lè wọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Ẹ wo lẹ́tà wa ẹ́. Nínú Unicode, àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀: ẹ ni a kọ, a sì gbé àmì ohùn lé e lórí. Bí ẹni tí ó ya àwòrán lẹ́tà kò bá rántí èyí, àmì yóò ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Ará Jámánì kò lè rí i, nítorí kì í kọ irú rẹ̀. Àwa ni a ó rí i, nígbà tí ìwé oyè bá ti tẹ̀ tán! A ó wá máa kùn pé wọn kò ka èdè wa sí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ìdánwò ti ṣí fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí ẹnikẹ́ni lè wọlé kí ó sì fi ìwé àbùkù ránṣẹ́.

A kò ní kí akọ̀wé ààfin fi kọ̀ǹpútà tí ìwé ìlú wà nínú rẹ̀ dán nǹkan wò. Ẹ̀dà adúróṣinṣin ni tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí kò ru ẹrù pàtàkì ti tó. A bẹ ẹgbẹ́ kí ó yan ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa kọ Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lórí ẹ̀dà ìdánwò, kí wọ́n sì ròyìn ohun tí wọ́n bá rí kí ilẹ̀kùn tó tì. Trixie jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Forky ni wọ́n sọ èyí tí yóò tẹ̀lé e. Ẹni tí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá wà nílé rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀.