Ọ̀sìn Kòkòrò Aládùúrà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ àgbà sọ, ní agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Kwara)

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn wá lọ́kàn. Ẹni tó ka ìwé kìíní àti ìwé kejì tán, bí kò bá rí nǹkan kà mọ́, tí kò sì rí nǹkan kọ, kò ní pẹ́ tí ìwé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Ọwọ́ tó ti mọ pẹ́ńsù dì mú á tún le bíi ti àtijọ́. Bí a bá bi í léèrè, á ní, "Tíṣà, kí ni kí n máa kọ? N kò ní ẹni tí mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí." Ìdáhùn wa fún un lónìí nìyí: wá kòkòrò kan sìn, kí o sì máa kọ ohun tó bá ń ṣe sílẹ̀.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kòkòrò tí a ń wí, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ó gùn tó ìka ọwọ́. Ó lè ní àwọ̀ ewé tútù, ó sì lè ní àwọ̀ koríko gbígbẹ. Orí rẹ̀ ní igun mẹ́ta, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì máa ń ká apá iwájú rẹ̀ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń gbàdúrà. Nítorí náà, nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ó máa pè é ní kòkòrò aládùúrà.

Ṣùgbọ́n àdúrà kọ́ ló ń gbà o! Ọdẹ ni. Apá tó ká sókè yẹn ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ bí eyín ayùn. Bí eṣinṣin tàbí tata bá sún mọ́ ọn, kí a tó ṣẹ́jú, ó ti gbá a mú. Ó lè yí orí rẹ̀ wo ẹ̀yìn láìyí ara. Ojú rẹ̀ jẹ́ márùn-ún: ńlá méjì, àti kékeré mẹ́ta láàárín wọn. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Kò ní oró, kì í ta ni bí àkekèé. Bí a bá fi agbára mú un, ó lè fi ẹ̀gún apá rẹ̀ gún wa lọ́wọ́ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní Ìlú Ọba, ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà, tàgbà tèwe ń sin kòkòrò yìí nínú ilé fún ìgbafẹ́. Ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ kan wà fún àwọn tó fẹ́ràn kòkòrò, orúkọ rẹ̀ ni Amateur Entomologists' Society. Ọdún 1935 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Irú kòkòrò aládùúrà tó lé ní 2,000 ló wà láyé, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú èyí tí àwọn olùsìn fẹ́ràn jù ni ti Áfíríkà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sphodromantis. Ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín. Owó ni wọ́n fi ń rà á lọ́hùn-ún. Níhìn-ín, ó dúró sórí koríko lẹ́bàá ọ̀nà oko, a sì ń kọjá lọ.

Báwo ni a ṣe ń sìn ín? Ẹ wá ike tàbí ìgò ẹnu gbòòrò. Kí gíga rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn kòkòrò náà. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ oníhò bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà dì í. Àkísà léèsì dára fún èyí. Ẹ má lo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ń pín fún wa, nítorí oògùn apakòkòrò wà lára rẹ̀. Ẹ gbé ike náà sórí òkúta nínú àwo omi, kí èèrà má baà gùn ún. Ẹ má gbé e sínú oòrùn.

Kòkòrò kan ṣoṣo ni kó wà nínú ike kan. Bí ẹ bá fi méjì sí i, ọ̀kan á jẹ èkejì. Ẹ máa fún un ní eṣinṣin, tata kékeré tàbí èsunsun, ní ọjọ́ méjì méjì. Láàyè ni kó wà, nítorí ohun tó bá ń rìn ni ojú rẹ̀ máa ń tètè rí. Ní àràárọ̀, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sára aṣọ òkè náà. Ẹ ó rí i bó ṣe ń mu ún.

Ní ọjọ́ kan, ẹ ó rí i pé kò jẹun mọ́. Kì í ṣe àìsàn. Ó fẹ́ bọ́ awọ bí ejò ni. Á so kọ́ sára aṣọ náà, á dorí kodò. Ní àsìkò yìí, ẹ kó oúnjẹ kúrò, ẹ má sì fọwọ́ kàn án, nítorí bó bá já bọ́, ó lè di aláàbọ̀ ara. Á bọ́ awọ tó ìgbà mẹ́fà sí mẹ́sàn-án kó tó dàgbà. Nígbà tó bá bọ́ ti ìkẹyìn ni ìyẹ́ rẹ̀ á gùn tán.

Ẹni tó bá fẹ́ kó bímọ ní láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ẹ ka ìpele abẹ́ ikùn rẹ̀: ti abo jẹ́ 6, ti akọ jẹ́ 8. Abo tóbi ju akọ lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti dàgbà, ẹ fún abo ní oúnjẹ yó dáadáa kí ẹ tó mú akọ wá, nítorí abo tí ebi ń pa lè pa ọkọ rẹ̀ jẹ! Abo á yé ẹyin sínú ìfófòó bíi ti ọṣẹ, ìfófòó náà á sì le mọ́ ara igi. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ọmọ wẹ́wẹ́ bí èèrà á jáde níbẹ̀. Wọ́n lè tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eṣinṣin kéékèèké tó ń kún orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà ni oúnjẹ wọn. Ẹ mú díẹ̀ sìn, kí ẹ dá ìyókù padà sí ibi tí ẹ ti mú ìyá wọn.

Wàyí o, ìwé ńkọ́? Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ sì máa kọ báyìí:

Ọjọ́ Ajé. Mo mú un lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́.
Ọjọ́rú. Ó jẹ eṣinṣin méjì.
Ọjọ́ Àìkú. Kò jẹun. Ó dorí kodò.
Ọjọ́ Ajé. Ó ti bọ́ awọ. Ó gùn sí i.

Ẹ wò ó, kò le. Ọmọ ìwé kìíní lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, ẹ ó ti ní ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, nípa ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí.

Ẹ má rò pé eré ọmọdé ni. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan bí ìyẹ̀fun dé sórí ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì ba oko púpọ̀ jẹ́. Kòkòrò aládùúrà kò lè gbà wá lọ́wọ́ irú èyí, nítorí kì í ṣàṣàyàn: bó ti ń jẹ tata, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ oyin tó ń ṣiṣẹ́ fún wa. Àwọn onímọ̀ wá ìbátan agbọ́n kan lọ sí ilẹ̀ Paraguay, tíńńtín báyìí, èyí tó jẹ́ pé kòkòrò funfun yẹn gan-an ló ń bá jà. Ní ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, wọ́n sìn ín, wọ́n kà á, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 1981. Ẹ̀gẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ewu. Hans Herren, tó ṣáájú iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Wíwò àti kíkọ sílẹ̀ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin ará Ọ̀sì, ìlú agbẹ́gilére ni ìlú yín. Aréógun, ọmọ Ọ̀sì, gbẹ́ ẹṣin àti ẹni tó gùn ún tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá wo nǹkan dáadáa kò lè gbẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé: ẹni tí kò bá wò, kí ni yóò kọ?

Nítorí náà, kí á tó gbé oògùn fín oko, kí á kọ́kọ́ mọ èwo ni ọ̀tá, èwo ni kì í ṣe ọ̀tá. Ẹni tí ìwé kékeré rẹ̀ bá kọ́kọ́ kún, kó mú un wá sí kíláàsì, kó sì kà á fún wa létí. A ó máa retí yín.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí a kò gbọ́dọ̀ fi kòkòrò aládùúrà méjì sínú ike kan?
2. Kí ni ẹ ó ṣe bó bá dorí kodò tí kò jẹun?
3. Báwo ni a ṣe ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo?
4. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa kòkòrò kan tí ẹ rí lónìí.