Ẹ Fún Ìtàkùn Ní Ọ̀pá

Ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni mo bá yín wá. Kì í ṣe ọgbà ẹni tí ó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Ti ẹni tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò ju ibi tí a lè tẹ́ ẹní mẹ́ta sí lọ ni.

Ẹni tí ó bá ti dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè rí yóò mọ ohun tí mo ń wí. Òkè ni níwájú, òkè ni lẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ òkúta tilẹ̀ fi orúkọ ìlú náà pe irú òkúta líle tí ó wà lágbègbè yẹn. Ibi tí ilé bá pin sí, ilẹ̀ a dà gẹ̀rẹ́. Bí òjò ńlá bá sì rọ̀, a gbá erùpẹ̀ tí ó dára lọ sí ìsàlẹ̀. Ìyá ilé a wá bèèrè pé, "Níbo ni n óò gbin nǹkan sí?" Ìdáhùn mi ni pé, ẹ gbé ojú sókè. Àyè tí ẹ ń wá ti tán ní ìbú, ṣùgbọ́n ó kù ní ìnàró.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n àjèjì. Àgbẹ̀ tí ó ri ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ ebè iṣu ti ń ṣe é láti ayébáyé. Igi a máa ná ọ̀pọ̀ agbára láti sọ ara rẹ̀ di líle kí ó tó lè dúró. Ìtàkùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ń gùn, kí ewé rẹ̀ lè rí oòrùn. Ewé ni ilé ìdáná ewéko, oòrùn sì ni iná ibẹ̀. Bí ìtàkùn bá ń rákò nílẹ̀, ewé kan a bo èkejì mọ́lẹ̀, ìrì a pẹ́ lára wọn, àrùn a sì ráyè wọlé. Bí ó bá gun ọ̀pá, ewé a rí oòrùn, afẹ́fẹ́ a sì tètè gbẹ ìrì. Ìdí nìyí tí iṣu tí a fún ní ọ̀pá fi ń ta dáadáa ní agbègbè olójò bí tiwa.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ kan rèé fún yín. Ẹ lọ wo ìtàkùn ewùrà, kí ẹ sì wo ti èsúrú. Ẹ óò mọ ewùrà nípa igun mẹ́rin ara ìtàkùn rẹ̀. Ẹ óò mọ èsúrú nípa ẹ̀gún rẹ̀ àti ewé rẹ̀ tí ó pín sí mẹ́ta. Ẹ fi ojú tẹ̀lé ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà lọ́ mọ́ ọ̀pá. Ẹ óò rí i pé bí ọ̀kan bá lọ́ sí ọ̀tún, òsì ni èkejì ń lọ́ sí. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ darí ìtàkùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ.

Kí ni a ó gbìn? Ẹ fi àmúnútutù bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé igi rẹ̀, ẹ rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, yóò hù. Bí ó bá gùn dé àyà yín, ẹ já orí rẹ̀ sínú ọbẹ̀, yóò sì pẹ̀ka. Wọ̀rọ̀wọ́ fẹ́ràn ibòòji, bí ó ti ń ṣe lábẹ́ kòkó. Ẹsẹ̀ àwọn ìtàkùn gíga ni kí ẹ fi í sí. Elegede àti akèrègbè ń fẹ́ àtẹ́ tí ó lágbára: òpó mẹ́rin, kí a fi ọparun dábùú lórí wọn. Òwúrọ̀ ni ìtànná elegede ń là, oyin ni ó sì ń ti ara akọ lọ sí ara abo. Ẹ má ṣe fín oògùn kòkòrò lé e lórí. Bí èso bá ń wúwo, ẹ fi àkísà gbà á mọ́ àtẹ́ bí ìyá ti ń pọn ọmọ.

Òpó ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ tó ro ohun tí yóò gbé. Ará Ẹ̀fọ̀n kò ṣàì mọ èyí. Agbọ́nbíofẹ́, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére ìlú náà tí ó kú ní 1945, gbẹ́ òpó sí ààfin Aláayè. Òpó náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ní ẹrù tí ó ń gbé.

Ẹ sì tètè ri ọ̀pá. Ní kékeré mi, mo jẹ́ kí ìtàkùn ewùrà mi gùn jù kí n tó wá ọ̀pá. Mo gún un wọ inú ebè, ó sì gún iṣu tí ó ń ta lábẹ́. Nígbà tí a wà á, ìdajì ti jẹrà.

Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, ẹ má to ọ̀pá láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ẹ tò wọ́n ní ìbú òkè, kí ẹ sì to òkúta sí ẹsẹ̀ wọn. Omi òjò tí ń sáré bọ̀ yóò rọra níbẹ̀, yóò sì sọ erùpẹ̀ tí ó gbé kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtàkùn bo ògiri alámọ̀, nítorí ọ̀rinrin. Ẹ má sì jẹ́ kí ó sún mọ́ wáyà iná. Igi gangaran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: ẹ dé agolo lé orí ọ̀pá tí ó bá kúrú, nítorí ojú àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wúwo ju gbogbo èyí lọ. Níbo ni ọ̀pá ti ń wá? Lórí òkè ni. Ọ̀pá kan, igi kékeré kan tí ì bá di ńlá. Gbòǹgbò àwọn igi wọ̀nyẹn ni ó di erùpẹ̀ òkè mú. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń gé ogún ọ̀pá, tí ikán jẹ wọ́n, tí a sì tún gòkè lọ gé ogún mìíràn ní àmọ́dún, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òjò yóò bèèrè igi wọ̀nyẹn lọ́wọ́ wa. A ó fi ọgbà kékeré ẹ̀yìnkùlé ba òkè ńlá jẹ́.

Nítorí náà, ẹ gbin ọ̀pá yín. Ẹ gé ẹ̀ka akòko, igi tí a ń fi ewé rẹ̀ joyè, ẹ rì í sílẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Yóò ta gbòǹgbò. Bẹ́ẹ̀ ni ìyeyè àti agúnmáníyè. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, dán agúnmáníyè wò: a gbìn ín ní ẹsẹẹsẹ láàárín oko, a ń gé ewé rẹ̀ fún ilẹ̀, a sì ń fi ẹ̀ka rẹ̀ ṣe ọ̀pá iṣu. Ẹ máa rẹ́ ẹ̀ka ọ̀pá tútù yín kí ó má baà ṣíji bo ohun tí ń gùn ún, kí ẹ sì da ewé tí ẹ rẹ́ sí ẹsẹ̀ ìtàkùn. Ọ̀pá tí ó bá wà láàyè ní ẹ̀yìnkùlé yín, a kò tún ní gun òkè lọ wá irú rẹ̀ ní àmọ́dún.

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ri ẹ̀ka akòko kan, kí ìyá rẹ̀ fún un ní igi àmúnútutù kan láti fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyókù di ọwọ́ òjò àti oòrùn.